Ìrìn Ọjọ́ Kan sí Ọgbà Igbó Ọ̀yọ́-Ilé: Láti Ìrọ̀lẹ́ Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀ Ètò Yín

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọyẹ́ ti wọlé. Ní Bódìjà níbí, ẹ nu orí mọ́tò láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán eruku ti bò ó padà. Àsìkò yìí náà ni ara àwa ọ̀dọ́ kì í gbélé. A ti wo fídíò àwọn tó ń fi ọjọ́ kan wa mọ́tò la ọgbà aṣálẹ̀ kọjá ní Amẹ́ríkà: ọ̀nà gígùn tó lọ tààrà, àpáta pupa, orin nínú mọ́tò, fọ́tò níbi gbogbo. Ó wá ń wù wá láti ṣe tiwa. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti dé ibẹ̀, Old Oyo National Park lẹnu wa máa ń kọ́kọ́ bà, ìyẹn ọgbà igbó ìjọba àpapọ̀ tó wà lápá òkè ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí.

Pé ká lọ, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Irú ètò tí a máa ń ṣe ni n kò fara mọ́. Ẹ wo èyí, irú rẹ̀ ti dé orí fóònù mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: "Aago mẹ́jọ la máa kúrò ní Bódìjà. A ó yà ní Ọ̀yọ́, a ó kọjá sí Ìsẹ́yìn, a ó wo Ikere Gorge Dam, a ó dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ìgbòho, a ó wo ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, a ó sì padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà." Ibi mẹ́fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo!

Èrò tèmi rèé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò ìrìn ọjọ́ kan kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú aago tí oòrùn máa wọ̀, kẹ́ ẹ wá máa ka wákàtí padà sẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá kà á báyìí, ẹ máa rí i fúnra yín pé ibi kan ṣoṣo ni ọjọ́ kan lè gbà. Ẹni tó bá fi ibi kejì kún un, ọwọ́ òkùnkùn ló ti ń yá wákàtí, èlé òkùnkùn sì pọ̀ lójú títì wa.

Kì í ṣe aṣálẹ̀, àmọ́ ara yín ò mọ̀

Ọgbà yìí kì í ṣe aṣálẹ̀. Ibi tí òjò rẹ̀ kò bá tó mìlímítà 250 lọ́dún ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń pè ní aṣálẹ̀. Ti Death Valley ní Amẹ́ríkà kò tó 100 pàápàá. Tiwa níbí máa ń wà láàárín bí 900 sí 1,500. Ọ̀dàn ni, ilẹ̀ koríko tí igi fọ́nká sí, ó wà láàárín igbó kìjikìji ti ìsàlẹ̀ àti ilẹ̀ gbígbẹ ti òkè. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kílómítà onígun mẹ́rin. Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè, àmọ́ láti 1936 ni wọ́n ti ń dáàbò bo apá ibi tó wà lókè odò Ògùn níbẹ̀.

Láti November sí March, òjò á kásẹ̀ nílẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ á máa fẹ́ wá láti Sàhárà. Ọ̀pọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń wá láti ibi kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ní orílẹ̀-èdè Chad, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Orúkọ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí létí Yorùbá, ó dà bíi "bó délé." Ó sì délé lóòótọ́: òun lẹ̀ ń nù kúrò lórí mọ́tò yẹn. Kẹ́ ẹ tó gbéra lọ wo aṣálẹ̀, aṣálẹ̀ ti wá kí yín ní Bódìjà.

Ohun tó kan arìnrìn-àjò níbẹ̀ ni pé lásìkò ọyẹ́, ara yín ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀dàn àti aṣálẹ̀. Ní July, òógùn á máa ṣàn lọ́rùn yín, ẹ ó mọ̀ pé omi ń jáde. Ní January, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé bí òógùn ṣe ń yọ ló ń fẹ́ lọ. Awọ ara gbẹ, ètè là, ẹ wá rò pé ẹ ò làágùn. Ẹ̀ ń làágùn o! Òǹgbẹ kì í sì í tètè sọ̀rọ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, orí ti ń fọ́ yín, ó ti ń rẹ̀ yín, ọkàn awakọ̀ ò sì sí lójú títì mọ́.

Death Valley ni wọ́n ti wọn ooru tó ga jù tí ayé tíì kọ sílẹ̀, 56.7°C, lọ́jọ́ 10 oṣù July 1913. Àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà náà máa ń sọ fún àlejò pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé gálọ́ọ̀nù omi kan dání lọ́jọ́ kan, ó kéré tán. Ìyẹn tó bíi lítà 4. Ooru tiwa ò le tó tiwọn, àmọ́ mo gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ gbé lítà 4 náà, torí bí mọ́tò bá bàjẹ́ nínú igbó, kò sí ọlọ́jà kankan tó ń kiri níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀ lọ́nà tiwa. Piọ́ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, báàgì kan sì ní 20. Báàgì kan jẹ́ lítà 10 nìyẹn. Èèyàn márùn-ún nínú mọ́tò kan nílò lítà 20, ìyẹn báàgì méjì gbáko. Omi ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ o, ẹ gbé tirẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́tọ̀. Bí báàgì méjì yẹn ò bá ríbi wọ̀ nínú búútù nítorí kúlà àti sípíkà, ẹ mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yọ.

Ẹ gbé bírò, ká ka wákàtí

Ká ní àárín January la fẹ́ lọ. Ní Ìbàdàn nígbà yẹn, oòrùn máa ń yọ ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, ó sì máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ní kò ju wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 45 lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé bí oòrùn bá wọ̀, ilẹ̀ kì í ṣú lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ tiwa ń yá ju ti òyìnbó lọ. Níbi tí a wà lórí ilẹ̀ ayé yìí, oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀ ní òró gan-an, bí ẹni já okùn. Lẹ́yìn tó bá wọ̀, ìmọ́lẹ̀ tí a lè fi ríran dáadáa kì í ju ìṣẹ́jú 22 tàbí bẹ́ẹ̀ lọ. Ní London lóṣù June, oòrùn ń rọra yọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì lè tó ìṣẹ́jú 45. Ẹni tó bá fi fídíò London kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ ìrọ̀lẹ́ máa rí i pé ilẹ̀ Òkè-Ògùn kì í dúró dè é.

Kí ló burú nínú kéèyàn wakọ̀ lóru? Ẹ jẹ́ kí físíìsì dá wa lóhùn. Mọ́tò tó ń sá 80 kílómítà ní wákàtí kan ń gba mítà 22 kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí màlúù lójú títì, kí ọpọlọ tó sọ fún ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó tẹ bíréèkì, ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀. Mítà 33 ti lọ, bíréèkì ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá wá bẹ̀rẹ̀, lórí títì tó dára tó sì gbẹ, ẹ tún nílò bíi mítà 35 kí mọ́tò tó dúró. Gbogbo rẹ̀ ń lọ sí 70. Iná ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ mọ́tò kì í sì í fi ọ̀nà hàn dáadáa kọjá bíi mítà 50 sí 60. Ó túmọ̀ sí pé bẹ́ ẹ bá fi máa rí tírélà tó dá dúró láìtan iná, ẹ ti pẹ́. Ẹ fi eruku ọyẹ́ kún un, ẹ fi awakọ̀ tó ti jí láti aago márùn-ún kún un. Mo mọ̀ pé àdúrà ṣe pàtàkì, àmọ́ àdúrà ò ní kí mítà 70 di 50.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ṣe aago tí a gbọ́dọ̀ ti wà ní Bódìjà. Ibi tí mo máa yàn fún ọjọ́ kan ni Ikere Gorge Dam, létí ọgbà náà, níbi tí wọ́n ti sé odò Ògùn, odò kan náà tó ń gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Ọ̀nà ibẹ̀ kò díjú: ẹ gba iwájú UI, ẹ dé Òjòó, ẹ bọ́ sí Mọníyà, kẹ́ ẹ wá gba títì Mọníyà sí Ìsẹ́yìn, kílómítà 65. Ẹ fi ìṣẹ́jú 45 sílẹ̀ fún Bódìjà sí Mọníyà, torí gbogbo wa la mọ Òjòó. Ẹ fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ dé Ìsẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ láti Ìsẹ́yìn wọ ibẹ̀. Wákàtí 3 ní àlọ, wákàtí 3 ní àbọ̀.

Ẹ fi wákàtí kan sí i fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀: táyà tó jò, àwọn tó dá yín dúró lójú ọ̀nà, ẹni tí inú ń run. Wákàtí yìí kì í ṣe ti fọ́tò o, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ wá kà á padà: aago mẹ́fà àbọ̀, ẹ yọ wákàtí 4, aago méjì àbọ̀ ọ̀sán lẹ gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbéra ní Bódìjà ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ lẹ ó dé. Wákàtí 5 péré lẹ ní. Nínú wákàtí 5 yìí ni Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho àti Ọ̀yọ́-Ilé fẹ́ ti rí àyè? Tí ẹ bá gbéra ní aago mẹ́jọ bíi ti ètò WhatsApp yẹn ńkọ́? Ó ku wákàtí 3 àti ààbọ̀.

Kí lẹ máa rí fún wákàtí márùn-ún?

Wákàtí márùn-ún pọ̀ tẹ́ ẹ bá mọ bí ẹ ṣe máa ná an. Ẹ̀fọ̀n, àgbọ̀nrín, ìmàdò àti ọ̀bọ wà nínú ọgbà yìí, àmọ́ kì í ṣe ọgbà ẹranko tí wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀ dè yín. Wọ́n ti mọ ìró ìbọn ọdẹ, wọ́n ń sá fún èèyàn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù láti wá wọn, torí koríko ti gbẹ, ojú ríran jìnnà, omi sì ti kù sí ibi díẹ̀, kò sí ẹranko tí kò ní wá síbẹ̀ mu. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń jáde. Lọ́sàn-án, wọ́n á wà lábẹ́ igi nítorí ohun tí mo sọ lókè yẹn: àwọn náà ń ṣọ́ omi ara wọn ná.

Torí náà, ẹ fi aago mẹ́sàn-án àbọ̀ sí mọ́kànlá wo igbó àti odò. Ẹ fi ọ̀sán jókòó síbi tí òjìji wà, ẹ jẹun, ẹ wo ẹyẹ, ẹ wo àpáta. Ní Ìbàdàn, oòrùn kì í dé góńgó rẹ̀ ní aago méjìlá géérégé bí a ṣe ń rò. Ní January, ó kù díẹ̀ kó lu aago kan kó tó dé ibẹ̀, ooru á sì tún máa pọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣe fi ọmọdé tàbí ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n tì pa. Bí ìta bá jẹ́ 35°C, inú mọ́tò lè kọjá 50°C kí wákàtí kan tó pé.

"Epo ti wọ́n, ẹ jẹ́ ká rí gbogbo rẹ̀ pọ̀"

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì wulẹ̀ burú. Owó bẹntiróòlù kì í ṣe eré. Ẹni tó bá ti dá owó ọ̀nà fẹ́ rí iye ohun tó lè rí. Àmọ́ ẹ wò ó báyìí: ẹni tó lọ sí ibi mẹ́fà lọ́jọ́ kan, títì ló lọ wò. Wákàtí rẹ̀ nínú mọ́tò ló pọ̀ jù, epo tó sun sì ju ti ẹni tó lọ síbi kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jèrè owó epo rẹ̀, wákàtí tó fi wà lórí ilẹ̀ níta mọ́tò ni kó kà, kì í ṣe iye ìlú tó gbà kọjá.

Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé gan-an, èmi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìrìn ọjọ́ kan láti Bódìjà dù ú. Ó wà lókè pátápátá, lápá Ìgbòho àti Kìṣí. Olú ìlú ilẹ̀ ọba ńlá ni, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wá síbẹ̀, December 1825 ló kúrò létí òkun ní Badagry, January 1826 ló tó wọ ìlú náà. Ìgbà ọyẹ́ lòun náà rìn ín. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀yin ò lè fún un ní ọjọ́ méjì? Ẹ sùn sí Ìgbòho, níbi tí Igbó Ọba wà, tí wọ́n sin àwọn Aláàfin kan sí nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ olú ìlú. Ẹ jí lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé láàárọ̀ kùtù. Ìyẹn ni ìrìn.

Ohun mẹ́ta tí n kò ní dákẹ́ lé lórí

Àkọ́kọ́, fóònù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, GPS náà lọ. Rárá o. Láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì tó wà lókè bí 20,000 kílómítà ni GPS ti ń gba ìsọfúnni, kò bèèrè sím lọ́wọ́ yín. Máàpù tí ẹ máa fi wò ó ló ń lo dátà. Torí náà, ẹ gba máàpù agbègbè náà sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Àmọ́ ẹ má sọ Google Maps di babaláwo. Fóònù àwọn tó ń gba ọ̀nà kan kọjá wà lára ohun tó fi ń mọ bí ọ̀nà náà ṣe ń yá. Níbi tí èèyàn ò ti pọ̀, iye ìṣẹ́jú tó bá sọ, ẹ fi tiyín kún un.

Èkejì, táyà. Afẹ́fẹ́ máa ń wú bó bá gbóná. Ẹ wọn táyà láàárọ̀, kí mọ́tò tó rìn. Bí fọkanáísà bá wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án tó sì tú afẹ́fẹ́ jáde torí pé ó pọ̀, bó bá tutù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á kéré. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń tẹ̀ jù bó ṣe ń yí, ó ń gbóná láti inú, òun ló sì ń bẹ́. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tó ń dán lójú lè ti dàgbà ju àbúrò yín lọ.

Ẹ̀kẹta ló tóbi jù: ààbò. Ilẹ̀ tí a wà yìí, ẹ ò lè kàn wọ igbó ọba bẹ́ẹ̀. Olú ilé-iṣẹ́ ọgbà náà wà ní Ìsokùn, nílùú Ọ̀yọ́. Ẹ kàn sí wọn kí ọjọ́ ìrìn tó pé, ẹ bèèrè apá ibi tó ṣí àti apá ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dé lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ má wọlé láìsí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn pẹ̀lú yín. Bí wọ́n bá ní ẹ má lọ, ẹ má lọ, kẹ́ ẹ má sì wá ẹlòmíì tó máa sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Apá Ìsẹ́yìn kan náà ni Adó-Àwáyè wà, pẹ̀lú adágún Ìyákè lórí òkè. Ẹ bèèrè bí ọ̀nà ibẹ̀ náà ṣe rí. Bí gbogbo ọ̀nà bá dí, igbó IITA wà nínú Ìbàdàn níbí, lójú ọ̀nà Mọníyà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn ọjọ́ tí wọ́n ń gba àlejò.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn, ẹ kọ aago mẹ́ta sínú ìwé kan: aago tẹ́ ẹ máa gbéra, aago tẹ́ ẹ máa kúrò níbẹ̀, aago tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti délé. Ẹ fún màmá tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan nílé, pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò àti ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, kó mọ ẹni tó máa pè bí aago kẹta bá kọjá. Kẹ́ ẹ yan ẹnì kan nínú ọkọ̀ tó máa jẹ́ olùṣọ́ aago, ẹni tí kì í bẹ̀rù kí wọ́n bínú sí i. Bó bá di aago méjì àbọ̀, tó ní ó tó, kí gbogbo yín wọ mọ́tò, ì báà jẹ́ ẹ̀fọ̀n ló ń bọ̀ wá ya fọ́tò pẹ̀lú yín.